Àmúwá Ọlọ́run Kọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Òkìtì Ìdọ̀tí Èédú

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní gúúsù Wales nìyí, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ibi tí ẹ̀rín ti pa wá nìkan ni mo gé kúrò.)

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú yìí, mo yíjú sọ́tùn-ún, mo yíjú sósì, ìbà yín o. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ gbé kúlà oúnjẹ wá láti Newport àti Swansea, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ mi ni ìrẹsì máa jáde, ẹ fara balẹ̀, n kò ní pẹ́. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òtútù.

Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Òkìtì ni iṣẹ́ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi lórí fóònù, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Òkìtì kẹ̀? Ààtàn la rán ọ lọ kọ́ ní Yunifásítì?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ààtàn ni." Ààtàn tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, tí òkúta àti ẹrẹ̀ dúdú kún inú rẹ̀, tó wà lórí òkè, tí àwọn èèyàn sì ń sùn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnjiníà tó ń wo bí ilẹ̀ ṣe ń dúró àti bó ṣe ń ṣubú ni mí, òkìtì ìdọ̀tí tó ń jáde láti ibi ìwakùsà èédú ni mo sì fi ń jẹun.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé lọ sílé lónìí. Nígbà tí òkìtì bá ya lulẹ̀ tó pa èèyàn, a máa ń yára sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Mo wá bá yín jiyàn. Mo ní àmúwá Ọlọ́run kọ́.

Ibi tí òkìtì ti ń wá

Ẹni tó ń wa èédú kì í rí èédú nìkan. Èédú máa ń tẹ́ pẹlẹbẹ sáàárín òkúta ni, bí ẹ̀wà ṣe ń wà láàárín búrẹ́dì Agége. Kí o tó kan ẹ̀wà, o máa bu búrẹ́dì. Òkúta tí wọ́n bù yẹn kò wúlò fún wọn, wọ́n á kó o jáde. Tí wọ́n bá gbé èédú jáde tán, wọ́n á fọ̀ ọ́, omi ìfọ̀ náà á sì fi ẹrẹ̀ dúdú kan sílẹ̀ tó kúnná bí ògì. Ìyẹn náà, wọ́n á wá ibi dà á sí.

Ibo ni wọ́n ń dà á sí? Ẹ̀yin tó ń gbé ní àfonífojì Rhondda tàbí ti Taff, ẹ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe há tó. Odò, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé oníbejì-bejì ti gba gbogbo ìsàlẹ̀ tán. Òkè nìkan ló ṣẹ́ kù. Wọ́n bá ń fi ọkọ̀ kéékèèké orí irin gbé e gun òkè, wọ́n ń dà á sókè orí àwọn èèyàn. Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n gbé ààtàn lé lórí lè kọ̀ ọ́.

Aberfan

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Aberfan, lẹ́bàá Merthyr Tydfil. Òjò wẹliwẹli ló ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo gun òkè lọ sí itẹ́ òkú, mo sì rí àwọn ibojì funfun tí wọ́n tò gbọọrọ, tí wọ́n fi òkúta funfun ṣe orí wọn bí ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ kọrọdọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí. Méje. Mẹ́jọ. Mẹ́wàá. Mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án. Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn kú.

Ọjọ́ náà ni Jímọ̀, ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1966. Òkìtì méje ló wà lórí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé yẹn, Òkìtì Keje ló ṣe iṣẹ́ ibi. Ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da nǹkan sórí ilẹ̀ yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe yan ibẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà náà rìn gun òkè, wọ́n fojú wò ó, wọ́n ní ibí yìí dáa. Wọn kò gbẹ́ ilẹ̀ wò. Wọn kò ṣí máàpù. Bẹ́ẹ̀, máàpù ìjọba wà tó fi hàn gbangba pé omi ń sun níbẹ̀, pé odò kékeré kan ń ṣàn kọjá lábẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé òkìtì lé. Ẹni tó bá ń gbé abúlé náà kò tilẹ̀ nílò máàpù, ojú wọn ni odò náà ṣe ń ṣàn kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣé òkìtì náà kò kìlọ̀ ni? Ó kìlọ̀. Òkìtì kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ̀ wálẹ̀ ní 1944. Òkìtì Keje fúnra rẹ̀ yọ̀ ní 1963. Lọ́dún 1963 yẹn kan náà, ẹnjiníà ìjọba ìbílẹ̀ kọ lẹ́tà nípa ewu ẹrẹ̀ èédú tí wọ́n ń dà sẹ́yìn ilé ìwé Pantglas. Ní 1965, àwọn ìyá ọmọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí omi dúdú tó ń ya bo àyíká ilé ìwé, ọ̀gá ilé ìwé náà ló sì bá wọn gbé e lọ. Ó wà nínú àwọn tó kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, bí aago méje ààbọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkìtì débi iṣẹ́. Wọ́n rí i pé góńgó rẹ̀ ti rì wọlẹ̀ tó mítà mẹ́ta, irin tí ọkọ̀ ń gbà sì ti já sínú ihò náà. Fóònù kò sí lókè, olè ti jí wáyà rẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní láti fẹsẹ̀ rìn lọ sísàlẹ̀ kó tó lè jíṣẹ́. Nígbà tó padà dé, ìdahùn tó mú bọ̀ ni pé kí wọ́n má da nǹkan síbẹ̀ mọ́, pé wọ́n máa wá ibòmíràn. Wọ́n ní kí wọ́n mu tíì ná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kireéènì sẹ́yìn. Ibi tíì yìí ni wọ́n wà tí ọ̀kan fi rí i pé ihò tó rì náà ti ń dìde. Ó ń dìde padà! Ó rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Òkìtì náà kọ́kọ́ rọra gbéra, lẹ́yìn náà ó sáré, ó di ìgbì dúdú, ó kọrí sínú ìkùukùu tó bo àfonífojì. Àwọn tó wà lókè kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà kò rí ohun tó ń bọ̀. Ariwo nìkan ni wọ́n gbọ́, bí ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá fò lulẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ilé ìwé Pantglas ló ya bò, àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sí kíláàsì ni. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn ì bá gba ìsinmi àárín sáà. Èèyàn 144 ló kú, 116 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọn kò tún rí ẹnì kankan yọ láàyè mọ́.

Ọ̀gá àgbà àjọ èédú ìjọba, National Coal Board, sọ fún àwọn oníròyìn pé kò sí bí a ṣe lè mọ̀ pé omi ń sun lábẹ́ òkìtì náà. Ẹ gbọ́ o: kò sí bí a ṣe lè mọ̀! Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Edmund Davies darí jókòó fún ọjọ́ 76, ìwé wọn sì jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1967. Ẹ̀bi náà, wọ́n ní ti àjọ èédú ni. Wọn kò pe ẹnì kankan ní ìkà. Wọ́n ní àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yìí ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, pé ìkìlọ̀ dé wọn kò gbọ́, pé kò sí ìlànà kankan láti òkè wá. Lójú tèmi, èyí burú ju ìkà lọ. Ìkà, a lè mú un. Kò sẹ́nì kan tó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ tó kú àti ohun tó pa wọ́n, bàbá kan dìde. Ó ní kí wọ́n má kọ ọ́ pé ọmọ òun kú nítorí àìrí afẹ́fẹ́ mí. Ó ní ohun tí òun fẹ́ kí wọ́n kọ ni pé àjọ èédú ló sin ọmọ òun láàyè.

Ìyá onígàárì àti omi

Ó dáa. Kí ló dé tí òkìtì òkúta fi lè sáré bí omi? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi ìṣirò bò mọ́lẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí, ìyá onígàárì ní ọjà Bódìjà sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo bó ṣe ń da gàárì sínú abọ́ tó fi ṣóńṣó. Ó dà á, ó dà á, ó débì kan, gàárì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bó ti wù kó dà á tó, ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó yẹn kì í dagun ju bó ṣe dagun lọ. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ hóró-hóró ló ní bó ṣe fẹ́ dúró: yanrìn, ẹ̀wà, òkúta. Ti òkúta tí wọ́n dà sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ máa ń wà láàárín dígírì 35 sí 38. Ohun tó ń dì í mú ni pé hóró kan ń fara ti èkejì, wọ́n ń ha ara wọn.

Ẹ wá da omi sábẹ́ gàárì náà. Bí omi bá rí ọ̀nà jáde, kò séwu. Bí kò bá rí ọ̀nà, yóò há sáàárín hóró méjì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n kúrò lára ara wọn. Ẹrù tí hóró ń gbé fún hóró, omi ló wá ń gbé e báyìí. Omi kò sì lọ́wọ́. Omi kò lè di nǹkan kan mú. Òkìtì náà ṣì máa dà bí òkìtì lójú, koríko tilẹ̀ lè hù lára rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún, ó ti di ọbẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa gbọn ìkòkò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Aberfan gan-an nìyí. Ìsun omi wà lábẹ́. Wọ́n da òkúta àti ẹrẹ̀ kíkúnná lé e. Òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Omi kò rí ọ̀nà jáde, ó ń ga nínú òkìtì. Ìdí òkìtì kọ́kọ́ sọ̀, gbogbo ara sì tẹ̀ lé e.

Àwa ẹnjiníà ní nọ́ńbà kan tí a fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fojú inú wo ìdíje fífa okùn. Apá kan ń fa òkìtì wálẹ̀, apá kejì ń dì í mú. Bí agbára wọn bá dọ́gba, nọ́ńbà náà jẹ́ 1. Ìyẹn ni pé bí ẹnì kan bá sín, ó tán. Òfin Amẹ́ríkà tí Ààrẹ Carter fọwọ́ sí ní 1977, àti àwọn ìlànà tó jáde lábẹ́ rẹ̀, ní kí òkìtì ibi ìwakùsà èédú má ṣe dín sí 1.5. Bí àwọn tó ń fà á bá jẹ́ mẹ́wàá, àwọn tó ń dì í mú gbọ́dọ̀ tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kọ̀ǹpútà á ṣírò 1.5 yìí fún ọ láàárín ìṣẹ́jú kan, yóò kùn ún ní ọ̀dà aláràbarà. Ṣùgbọ́n ìsun omi tí o kò sọ fún un, kò mọ̀ ọ́n. Mo ti rí àwòrán tó rẹwà tí irọ́ kún inú rẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ́ òkìtì

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tí mo lò. N kò ní bí a ṣe ń da òkìtì. Mo ní bí a ṣe ń kọ́ ọ. Ilé ni òkìtì. Ó ní ìpìlẹ̀, ó ní gọ́tà, ó ní àjà. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ibi tí a máa gbé e lé ló ṣe pàtàkì jù lọ. Máàpù ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o sì rìn ín lẹ́yìn òjò, kì í ṣe nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Wo ibi tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ìyókù gbẹ. Bèèrè lọ́wọ́ àgbà tó ń da àgùntàn kiri lórí òkè náà. Ó mọ ìsun tí kò sí nínú ìwé. Lẹ́yìn náà, gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí amọ̀ rírọ̀ bá wà lábẹ́, wá ibòmíràn, tàbí kí o hú u kúrò.

Tí o bá ti yan ibẹ̀ tán, ro ó. Gé igi, hó koríko, kó ilẹ̀ ọlọ́ràá orí rẹ̀ jọ síbì kan, torí pé a máa nílò rẹ̀ láti fi bo òkìtì níkẹyìn. Ẹni tó bá da òkúta lé koríko lórí ti fi ilá tẹ́ ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀. Koríko á jẹrà, á máa yọ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun, a máa ń gé e ní àtẹ̀gùn kí òkìtì lè rí ibi fi ìdí lé.

Omi ló kàn. Ojú kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi wò ó: omi kò gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. O lè bo odò mọ́lẹ̀, o kò lè yí i lọ́kàn padà. Nítorí náà, a ń fún un lọ́nà. A máa gbẹ́ gọ́tà sókè òkìtì kí omi òjò orí òkè má baà wọ inú rẹ̀. Níbi tí omi bá ti ń sun, a máa ń tò òkúta ńláńlá tó le síbẹ̀, kó di ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí omi á máa gbà jáde ní ìdí òkìtì. Òkúta tó le ni mo wí o. Òkúta pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú kò dáa fún un. Bí ó bá rí omi àti afẹ́fẹ́ fún ọdún díẹ̀, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí èkuru, á sì dí ọ̀nà náà pa.

Nǹkan kan wà tó máa ń dùn mọ́ mi níbi tí ọkọ̀ bá ti ń da òkúta sísàlẹ̀ láti etí òkè. Òkúta ńlá ló máa ń yí lọ jìnnà jù, àwọn kéékèèké á dúró lókè. Ó túmọ̀ sí pé òkìtì náà ń fúnra rẹ̀ ṣe gọ́tà sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán an jù. Ọjọ́ tí òkúta bá rọ̀, tàbí tí wọ́n da ẹrẹ̀ mọ́ ọn, gọ́tà ọ̀fẹ́ yẹn kò ní sí níbẹ̀.

Èyí tó dára jù ni pé kí a tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele láti ìsàlẹ̀ wá. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kí ìpele kan má nípọn jù. A ó tẹ́ ẹ, rólà á gùn ún, a ó tún tẹ́ òmíràn. Ó ń gba àkókò, ó ń gba owó, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá kò fi fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n rólà yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń lé afẹ́fẹ́ jáde. Èédú díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sínú ìdọ̀tí yìí, bí afẹ́fẹ́ bá sì ń wọlé, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná, yóò sì máa jó wúyẹ́wúyẹ́ nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èéfín á máa rú lára òkè tí ẹnì kan kò ṣáná sí.

Èèkàn méjì àti tépù

Bí òkìtì bá dúró tán, ṣé iṣẹ́ parí? Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo wà níbi ìwakùsà kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo rí ìlà kan lórí òkìtì lọ́jọ́ Ajé, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlà tí ọmọdé fi igi fà sórí yẹ̀pẹ̀. Mo sọ fún fọ́màn. Ó ní oòrùn ló là á. Oòrùn wo ní àárín òjò? N kò bá a jà, ó jù mí lọ ní ọgbọ̀n ọdún. Mo lọ wá èèkàn igi méjì, mo gún ọ̀kan sókè ìlà náà, mo gún èkejì sísàlẹ̀ rẹ̀, mo kan ìṣó kékeré sórí ìkọ̀ọ̀kan, mo fi tépù wọn àárín wọn, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ó ti fi bí ìbú èékánná gùn sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ìbú ìka kan. Lọ́jọ́ karùn-ún, àtẹ́lẹwọ́ mi wọ inú ìlà náà títí dé ọrùn ọwọ́, afẹ́fẹ́ tútù sì ń fẹ́ jáde níbẹ̀. Mo gbé ìwé náà tọ fọ́màn lọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Rédíò rẹ̀ ló gbé, ó ní kí gbogbo ọkọ̀ dúró, kí wọ́n kó àwọn tó wà nísàlẹ̀ kúrò. Òru ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà já. Ilẹ̀ òfìfo ló já lé.

Èèkàn méjì. Tépù kan. Lónìí, a ní ẹ̀rọ rédà tó ń wo òkìtì tọ̀sán-tòru, a ní sátẹ́láìtì, a ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń gbìn sínú òkìtì láti mọ ibi tí omi inú rẹ̀ ga dé. Gbogbo rẹ̀ dáa. Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ ni pé: bí nọ́ńbà bá burú láago méjì òru, ta ló ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró? Ní Aberfan, ojú rí i láago méje ààbọ̀. Ẹni tó máa fi àṣẹ lé àwọn ará ìsàlẹ̀ jáde ni kò sí.

Buffalo Creek

Mo ní mo wá bá yín jiyàn lórí àmúwá Ọlọ́run. Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ èédú kan fi ìdọ̀tí èédú dí ẹnu odò kékeré kan. Wọ́n ń da òkúta síbẹ̀, omi tí wọ́n fi fọ èédú ń kó sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó kún, wọ́n tún fi ìdọ̀tí mọ odi mìíràn sókè èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n sì gbé e lé orí ẹrẹ̀ tí ti àkọ́kọ́ ti kó jọ. Orí ẹrẹ̀ o! Kò sí ọ̀nà tó péye tí omi tó bá pọ̀ jù máa gbà jáde. Ní àárọ̀ Sátidé ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1972, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mélòó kan, odi náà yọ́. Omi dúdú tó jẹ́ gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 132 ya gba àfonífojì Buffalo Creek kọjá, ó gba abúlé 16. Èèyàn 125 kú, àwọn tó lé ní 4,000 di aláìnílé.

Ilé iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Wọ́n ní omi tí Ọlọ́run rọ̀ sílẹ̀ ni odi kò lè gbà dúró.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín, torí pé ó dà bí ohùn àwọn èèyàn wa. Ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì pa èèyàn, a ní àmúwá Ọlọ́run. Ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì alájà kan kọ́ wó, àmúwá Ọlọ́run. Èmi náà gba Ọlọ́run gbọ́, Pásítọ̀ wà níbí, wọ́n mọ̀ mí. Ọlọ́run ló ni òjò. Àmọ́ Ọlọ́run kọ́ ló gbé odi lé ẹrẹ̀.

Ta ló ni òkìtì tí kò ní olówó mọ́?

Mo ti ń rí àwọn tó ń wo ilẹ̀kùn ìdáná, ẹ má bínú, ó kù díẹ̀.

Wọ́n ti ti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ibi ìwakùsà ńlá pa ní Wales. Òkìtì kò kúrò. Èyí tí wọ́n kà ní Wales lé ní 2,500, àwọn tó lé ní 300 nínú wọn sì wà ní ìsọ̀rí tó ń fẹ́ àyẹ̀wò déédéé jù lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí ìjì tí wọ́n sọ ní Dennis dé, òkìtì kan ní Tylorstown yọ̀ wálẹ̀, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60,000, ó dí odò. Kò pa ẹnì kankan. Ní oṣù kọkànlá 2024, òmíràn tún yọ̀ ní Cwmtillery, ẹrẹ̀ wọ ilé onílé. Òjò ayé ìsinsìnyí kì í ṣe irú èyí tí àwọn tó da òkìtì wọ̀nyẹn mọ̀. Òfin 1969 tí wọ́n ṣe lẹ́yìn Aberfan wo òkìtì tí iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀ dáadáa. Ti àwọn tí wọ́n ti pa tì kò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 2025 ni Wales tó ṣe òfin tó máa dá àjọ kan sílẹ̀ fún òkìtì àpatì nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé ní àfonífojì, ìjọba ti gbé máàpù òkìtì síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó kí ẹ tó san owó. Kì í ṣe pé kí ẹ má rà á o, kí ẹ ṣáà mọ ẹni tó ń gbé òkè orí yín.

Ọ̀rọ̀ owó yìí náà ní ìtàn. Lẹ́yìn Aberfan, aráyé dá owó jọ fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Òkìtì tó ṣẹ́ kù ṣì wà lókè wọn, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n kó o kúrò. Ìjọba gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n mú £150,000 nínú owó ìrànwọ́ náà wá sí i. Owó ọmọ tó kú ni wọ́n fi gbé òkìtì tó pa wọ́n kúrò! Ọdún 1997 ni wọ́n dá £150,000 yẹn padà, láìsí èlé kankan lórí rẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ilẹ̀ Yorùbá kò ní èédú bíi ti Enugu tàbí ti apá Igala ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ní Enugu, wọ́n ti ń wa èédú láti nǹkan bí 1915. Ohun tó kù níbẹ̀ báyìí ni omi. Òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú ní irin àti imí ọjọ́ nínú. Bí afẹ́fẹ́ àti òjò bá kàn án, omi tó ń jáde lára rẹ̀ á kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí èèyàn da epo pupa sínú agbada tó dógùn-ún. Irú omi bẹ́ẹ̀ ń jáde láti ibi ìwakùsà Onyeama tí wọ́n ti pa tì, ó sì ń wọ odò Ekulu. Kò sí ariwo níbẹ̀, kò sí ìgbì dúdú, nítorí náà ìwé ìròyìn kò gbé e. Ní Okaba ní Kogi, ojú ilẹ̀ gbangba ni wọ́n ti ń hú èédú, òkìtì ilẹ̀ tí wọ́n hú sì máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò. Bí wọ́n bá ń tún iṣẹ́ èédú bẹ̀rẹ̀ nílé, bí àwọn kan ṣe ń wí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbí yìí ni wọ́n máa pè. Wọ́n á gbé yín gun òkè kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ á gbẹ táútáú, wọ́n á ní ibí yìí dáa. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ padà wá nígbà òjò.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Mo rí ìyá kan lẹ́yìn níbẹ̀ tó ti nawọ́ sókè láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Tylorstown. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gba máíkì, ìbéèrè tiyín ni ma kọ́kọ́ gbà.